A Kò Rí Àgùntàn Mọ́ Nínú Ẹrẹ̀ Adágún: Ṣé Abúlé Ló Parẹ́?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni mí. Mò ń kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn abúlé darandaran ní òkè Alps ilẹ̀ Faransé láàárín ọdún 1000 sí 1500. Àwọn kan tí wọ́n fa ẹrẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ adágún kékeré kan lókè ibẹ̀ fi èsì DNA wọn hàn mí. Àgùntàn wà nínú gbogbo ìpele títí dé nǹkan bí ọdún 1350, lẹ́yìn náà kò sí mọ́ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti 1348 ló pa abúlé náà run? Olùkọ́ mi kan tilẹ̀ sọ pé àsọdùn ni gbogbo rẹ̀, pé kò sí bí DNA ṣe lè wà nínú omi fún 700 ọdún kó má jẹrà. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?”

Kí n kọ́kọ́ dá olùkọ́ yín lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló yá jù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè ló sọ. DNA, ìwé àjogúnbá tí a fi lẹ́tà mẹ́rin kọ sínú ara gbogbo ohun alààyè, a máa bàjẹ́ lóòótọ́, kíákíá sì ni. Bí ẹran bá kú síbi tí oòrùn ń pa, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí, àwọn kòkòrò àìfojúrí á jẹ ẹ́, òjò á fọ̀ ọ́ dànù, ohun tó bá ṣẹ́ kù á sì fọ́ yángá. Ibi tí olùkọ́ yín ti ṣì í ni pé ó fi ojú odò tó ń ṣàn wo ìsàlẹ̀ adágún. Omi tí kò níyọ̀ máa ń wúwo jù nígbà tó bá tutù dé ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ adágún tó jìn ní ilẹ̀ olótùútù fi máa ń tutù bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Òkùnkùn ni ibẹ̀, ọ́síjìn kò tó nǹkan, amọ̀ sì pọ̀. Amọ̀ yẹn ló ṣe iṣẹ́ jù. DNA a máa lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, débi pé ohun tí kòkòrò fi ń gé DNA kì í ráàyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Àwọn kan ti ṣírò bó ṣe ń pẹ́ tó. Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan lo egungun moa, ẹyẹ ńlá Niu Silandi tó ti run, wọ́n sì rí i pé níbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 13.1, ó gba 521 ọdún kí ìdajì àwọn ìrépé DNA tó gùn tó lẹ́tà 242 tó já. Èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tó bá sì tutù jù á tún fi kún un. Ní 2022, wọ́n rí DNA igi àti ẹran nínú ilẹ̀ Kap København, ní àríwá Greenland, tó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ọdún. Kí ni 700 ọdún já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn? Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé odindi ni ohun tó kù o. Bí DNA bá jẹ́ ìwé tí a fi lẹ́tà mẹ́rin kọ, ohun tí à ń rí nínú ẹrẹ̀ ni ègé-ègé ojú ìwé tí ẹnì kan ti fà ya, tí ọ̀pọ̀ wọn kò tó lẹ́tà 100. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ la lè mọ orúkọ rẹ̀. Àlìkámà, ọkà ráì àti àwọn koríko ìgbẹ́ kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn lè jọra nínú ìrépé kúkúrú débi tí a kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ewúrẹ́ àti mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń gun àpáta nínú ìgbẹ́ Alps náà lè fún wa ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Àgùntàn tiyín rọrùn díẹ̀ jù ìyẹn lọ.

Ó dáa, DNA wà níbẹ̀. Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ìbéèrè tiyín, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ di yín lọ́wọ́ mú kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. “A kò rí i” kọ́ ni “kò sí.” Àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wa wà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé àgùntàn kan ní ọdún 1300. Ó ń jẹko lórí òkè lẹ́yìn tí yìnyín ti yọ́. Ó yàgbẹ́, ó tọ̀, irun rẹ̀ já sílẹ̀, DNA rẹ̀ sì wà nínú gbogbo wọn. Ìgbẹ́ gbẹ, ó pò mọ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan òjò ńlá rọ̀, àgbàrá gbá ilẹ̀ yẹn wọnú odò kékeré, odò já sínú adágún, ẹrẹ̀ rọra wọlẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ọ̀kan péré nínú àwọn ọ̀nà yìí bá dí, àgùntàn yẹn kò ní dé ọwọ́ wa láéláé, bí ó ti wù kí ó yó tó lórí òkè. Ohun tó wọnú adágún là ń rí, kì í ṣe ohun tó wà lórí ilẹ̀. Bí àwọn darandaran bá gbé ọgbà ẹran wọn kọjá sí ẹ̀yìn òkè, níbi tí omi ti ń ṣàn lọ sí ibòmíràn, àgùntàn á “parẹ́” nínú adágún láìjẹ́ pé ẹyọ kan kú. Bí ẹran bá dín kù díẹ̀, tí koríko àti igi kéékèèké sì hù padà, gbòǹgbò wọn á di ilẹ̀ mú, àgbàrá kò ní rí nǹkan gbé mọ́. Nígbà náà, àgùntàn tó dín kù ní ìdajì lè mú kí DNA inú ẹrẹ̀ dín kù ní ìlọ́po ìlọ́po. Nítorí èyí náà ni mi ò fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka iye ìrépé tí ẹ̀rọ kà, kó wá sọ ọ́ di iye ẹran. Ìrépé 5,000 kì í ṣe àgùntàn 5,000, kò tilẹ̀ fi hàn pé àgùntàn pọ̀ ju ti ìpele tó ní 2,000 lọ.

Adágún kan wà ní òkè Alps ilẹ̀ Faransé náà tó yẹ kẹ́ ẹ kà nípa rẹ̀ dáadáa, Anterne lorúkọ rẹ̀, ó ga tó nǹkan bíi mítà 2,060 ju ìtẹ́jú òkun lọ. Èsì rẹ̀ tó jáde ní 2014 wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó fi DNA inú ẹrẹ̀ sọ ìtàn ẹran ọ̀sìn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n rí àgùntàn, wọ́n rí màlúù, wọ́n sì wo bí ilẹ̀ ṣe ń ṣí lọ sínú adágún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣí jù kì í ṣe sáà agbedeméjì tẹ́ ẹ ń kọ nípa rẹ̀. Òpin Sànmánì Irin àti ìgbà ìjọba Róòmù ni, nígbà tí wọ́n ti gé igbó, tí ẹran sì jẹ koríko òkè kọjá ààlà. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé wọn kò ka ìlà àgùntàn nìkan. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ní 2019, àfiwé tí wọ́n ṣe láàárín oríṣiríṣi adágún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí òkè ṣe dagun tó, bí odò ṣe ń wọlé, àti irú ilẹ̀ tó yí i ká, wà lára ohun tó ń pinnu bóyá DNA orí ilẹ̀ á dé ìsàlẹ̀ adágún.

Ìgbà mìíràn wà tí DNA máa ń sọ̀rọ̀ ketekete o, kẹ́ ẹ má bàa rò pé mo fẹ́ pa yín láyà. Lórí erékùṣù Faroe, wọ́n rí DNA àgùntàn nínú ẹrẹ̀ adágún Eiðisvatn láti nǹkan bí ọdún 500, ìyẹn bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún kí àwọn Viking tó dé. Kò sí ẹran ọmú orí ilẹ̀ kankan tó jẹ́ ọmọ bíbí erékùṣù yẹn, àgùntàn kì í sì í wẹ òkun. Ènìyàn ló gbé e débẹ̀, kò sí àlàyé míì. Wọ́n tún rí àmì ìgbẹ́ nínú ìpele kan náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé rírí ni ìtàn yẹn dúró lé. Tiyín dúró lé àìrí, ẹrù rẹ̀ sì wúwo jù.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ọdún 1350 yẹn. Ta ló sọ pé 1350 ni? Ẹ bi wọ́n, ẹ má tijú. Fún bí 150 ọdún àìpẹ́ yìí, a ní òjé-210 tí a fi ń mọ ọjọ́ orí ẹrẹ̀, torí ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀, tí ìdajì rẹ̀ máa ń lọ láàárín bí ọdún 22, a sì ní àmì bọ́ǹbù átọ́míìkì tó pọ̀ jù ní 1963 àti ti ìjàǹbá ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Chernobyl ní 1986. Kò sí èyí tó lè dé sáà agbedeméjì. Kábọ̀n-14, irú kábọ̀n tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lára ohun tó bá ti kú, ló kù fún wa níbẹ̀, ibi tó sì ti ń kọsẹ̀ gan-an ni ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Iye kábọ̀n-14 tó wà nínú afẹ́fẹ́ lọ sókè sódò ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, débi pé ewé tó já ní 1310 àti èyí tó já ní 1385 lè fún wa ní èsì kan náà. Ewé kan ṣoṣo kò lè yà wọ́n. Ó di dandan kí ewé pọ̀ ní onírúurú ìpele, kí wọ́n sì jẹ́ ewé igi orí ilẹ̀. Bí òkúta ẹfun bá wà lágbègbè náà, ewéko inú omi á máa fa kábọ̀n àtijọ́ látinú òkúta, á sì máa pe ara rẹ̀ ní àgbà ju bó ṣe jẹ́ lọ. Tún wo bí ìpele ṣe nípọn tó: bí ẹrẹ̀ bá ń wọlẹ̀ ní mílímítà kan lọ́dún, sẹ̀ǹtímítà kan ni ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà, àádọ́ta ọdún ló wà nínú ègé kan ṣoṣo. Kí ni “1350” wá túmọ̀ sí nínú irú ègé bẹ́ẹ̀?

Nítorí ẹ̀yin ẹ mọ ìtàn jù mí lọ, ẹ ti mọ ohun tó kún inú àwọn ọdún yẹn. Ìyàn ńlá jà ní àríwá Yúróòpù láti 1315 sí 1317. Ní 1319 àti 1320, àrùn pa màlúù bí ẹni ń gbá ewé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àjàkálẹ̀ àrùn tẹ́ ẹ ń sọ gúnlẹ̀ sí Messina ní Ítálì ní òpin 1347, ó sì rin Yúróòpù já títí di 1353. Òtútù náà ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wọn wà láàárín ogójì ọdún, bí òṣùwọ̀n yín bá sì lè fi ogójì ọdún ṣìnà sókè tàbí sódò, ẹ kò ní lè mú ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ kí ẹ pè é ní apànìyàn.

Kí n tún sọ ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Àjàkálẹ̀ àrùn kì í ṣe ọ̀tá àgùntàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí òṣìṣẹ́ kò tó nǹkan mọ́, tí owó iṣẹ́ sì gbẹ́nu sókè, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ló fi oko ọkà sílẹ̀ fún koríko, torí ẹnì kan ṣoṣo lè da agbo ẹran tó pọ̀. Abúlé Wharram Percy ní Yorkshire gbajúmọ̀ nínú àwọn abúlé tó dahoro, ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ lè tètè di ẹ̀bi ru àrùn yẹn. Àmọ́ nǹkan bí ọdún 1500 ni wọ́n lé àwọn tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ jáde, kí àgùntàn lè ráyè. Nínú adágún tó bá wà nítòsí irú ibẹ̀, ènìyàn ló dín, DNA àgùntàn ló pọ̀. Ní 2022 pẹ̀lú, iṣẹ́ ńlá kan jáde tó wo ìyẹ̀fun òdòdó tó wà nínú ẹrẹ̀ ní ibi 261 káàkiri orílẹ̀-èdè 19 ní Yúróòpù. Níbì kan, oko dahoro lẹ́yìn 1350, igbó padà. Níbòmíràn, iṣẹ́ oko kò yẹ̀ rárá, tàbí kí ó tilẹ̀ gbòòrò sí i. Nítorí náà, ẹ kò lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Yúróòpù dípò ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òkè kan.

Ó ku yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi PCR ṣe ẹ̀dà ìrépé kékeré kan tó wà lára gbogbo ẹran ọmú lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n tó kà á. Nígbà tí DNA bá kéré, oríire ló ń pinnu bóyá PCR máa bá a pàdé. Bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹjọ lórí ìpele kan, àgùntàn lè yọjú lẹ́ẹ̀kan, kó má yọjú lẹ́ẹ̀méje tó kù. Ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì péré, tó ní kò sí àgùntàn, kò tíì wá a. Àwọn ohun dúdú tó ń jáde lára ewé jíjẹrà tún máa ń ká PCR lọ́wọ́ kò. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe lè rí: igbó hù padà, ewé pọ̀ nínú ẹrẹ̀, PCR bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà, àwa wá ń kọ ọ́ pé àgùntàn ti tán.

Òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹran tí kò sí níbẹ̀ yọjú. Ó ti ṣe mí rí. Lọ́dún kan, màlúù bá wa nínú omi mímọ́ tí a kò fi ẹrẹ̀ kankan sí, ìyẹn òfìfo tí à ń gbé rìn pẹ̀lú àyẹ̀wò láti ṣọ́ ara wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá ibi tó gbà wọlé, kí a tó rí i pé inú kẹ́míkà tí a rà ló wà. Láti 2007 ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé DNA màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ máa ń wà nínú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, àwọn ẹran tí ẹni tó ń wá ìtàn oko gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sọ ti ihò àpáta ní Niu Silandi, níbi tí wọ́n ti bá DNA àgùntàn nínú ìpele tó ti wà kí àgùntàn kankan tó débẹ̀. Ìtọ̀ ló jò wọlẹ̀ láti òkè. Nínú ẹrẹ̀ adágún tí omi ti rin gbingbin, irú jíjò bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, èmi kì í sì í fi í ṣe wàhálà tèmi àkọ́kọ́.

Kí lẹ wá lè ṣe? Ohun àkọ́kọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ ní kí wọ́n fi èsì ewéko hàn yín láti inú ìpele kan náà. Bí ewéko náà kò bá jáde dáadáa nínú ìpele tí àgùntàn ti sọnù, ìpele yẹn ló kùnà, ẹ má sọ nǹkan kan nípa ẹran. Bí ewéko bá jáde, ẹ wá àwọn tó fẹ́ràn ibi tí ẹran ń dúró sí: èsìsì ilẹ̀ Yúróòpù, àti ewé Rumex tó máa ń bo ibi tí ìgbẹ́ ti pọ̀. Bí wọ́n bá ń bá a lọ láìyẹ̀, mo máa fura pé ẹran kò lọ. Bí wọ́n bá dín kù tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀rọ̀ yín ti ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àmì ọ̀rá inú ìgbẹ́, tó yàtọ̀ láàárín ènìyàn àti ẹran tó ń jẹko, tí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú PCR rárá. Èèhù Sporormiella, olú tíntín tó ń hù lórí ìgbẹ́ ẹran, náà dára, ó sì rọrùn fún ẹni tó bá ti ń ka ìyẹ̀fun òdòdó, àmọ́ kò lè sọ fún yín bóyá àgùntàn ni tàbí ẹran ìgbẹ́. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ka gbogbo DNA inú ẹrẹ̀ láìlo PCR. Ìyẹn ló lè fi ọgbẹ́ ogbó hàn ní etí ìrépé, níbi tí lẹ́tà C ti ń di T, kí a lè mọ̀ pé DNA náà gbó lóòótọ́. Owó ńlá ni, fún ìbéèrè yín, mi ò rò pé òun ló yẹ kó ṣáájú, torí kì í ṣe pé àgùntàn tí ẹ rí jẹ́ tuntun ni ẹ ń bẹ̀rù.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin ní tí àwa onímọ̀ ẹrẹ̀ kò ní: ìwé. Àwọn ilé ìsìn àti àwọn akọ̀wé àdéhùn ní Alps kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa ẹ̀tọ́ láti da ẹran lórí òkè, nípa owó orí, nípa ìjà lórí ààlà koríko. Ìwé kan ṣoṣo tó ní abúlé yẹn san owó koríko ní 1370 á tú gbogbo ìtàn ikú wọn palẹ̀, kò sì ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ láti wá a. Ibẹ̀ ni màá lọ kí n tó padà sí yàrá àyẹ̀wò.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi àpilẹ̀kọ náà sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ báyìí nìkan, ohun tí mo lè fọwọ́ sí rèé: “Láàárín nǹkan bí 1300 sí 1400, DNA àgùntàn tó ń wọnú adágún dín kù débi tí ọ̀nà àyẹ̀wò tí a lò kò fi rí i mọ́.” Ẹ lè fi kún un pé ìgbà yẹn bá ọdún àjàkálẹ̀ àrùn mu, ó sì bá àwọn nǹkan míì mu pẹ̀lú. Kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó fa ẹrẹ̀ náà: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n tún PCR ṣe lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ló jáde nínú àwọn òfìfo wọn, àti pé ṣé ìdajì ọ̀pá ẹrẹ̀ náà ṣì wà nínú yàrá òtútù. A sábà máa ń là á sí méjì, a ó sì tọ́jú ìdajì kan. Bó bá ṣì wà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ì tíì gé ibi ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn fún ẹlòmíràn.